Páì (π)

Páì, tí a máa ń fi lẹ́tà Gíríkì π kọ, ni nọ́mbà tó ń sọ iye ìgbà tí ìbú òbìrípo wọ inú àyíká rẹ̀. Òbìrípo ni àwòrán róbótó tí gbogbo etí rẹ̀ jìnnà bákan náà sí àárín. Àyíká ni gígùn etí náà bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n yípo. Ìbú sì ni ìlà tó gba àárín gbùngbùn kọjá láti etí kan dé èkejì. Bí a bá fi ìbú pín àyíká, 3.14159265… ni yóò jáde, yálà òbìrípo náà kò ju owó ẹyọ lọ tàbí ó gba gbogbo ìlú Kàbà. Iye aláìyípadà ni páì í ṣe, àmọ́ àwọn nọ́mbà tí kò lópin lẹ́yìn pọ́ìntì rẹ̀ máa ń mú kí àwọn kan rò pé iye rẹ̀ kò tíì dúró sójú kan.

Ìdí tí kì í fi í yí padà

Ohun tó mú páì dúró ni pé ìrísí kan ṣoṣo ni gbogbo òbìrípo ní. Onígun mẹ́rin lè gùn gbọọrọ, ó sì lè ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó dọ́gba, nítorí náà kò sí nọ́mbà kan tó lè sọ bí ìbú rẹ̀ ṣe tan mọ́ àyíká rẹ̀ fún gbogbo onígun mẹ́rin tó wà. Òbìrípo kò rí bẹ́ẹ̀: títóbi tàbí kíkéré nìkan ni ọ̀kan fi yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá sọ ìbú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, àyíká rẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́ta, ohun tí ọ̀kan jẹ́ sí èkejì kò sì ní yẹ̀ rárá. Àròjinlẹ̀ ló fi èyí múlẹ̀, kì í ṣe wíwọ̀n.

Wíwọ̀n kì í sì í gbà bọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá mú abọ́ tánganran tí wọ́n fi ń ta gàrí lọ́jà Kàbà, tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, tó sì fi téèpù télọ̀ yí i ká, ó yẹ kó bá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88. Ṣùgbọ́n téèpù a máa fà, etí abọ́ a sì máa yọ̀. Bó bá ka 87.5, ìdáhùn rẹ̀ á di 3.125, bó bá ka 88.5, á di nǹkan bíi 3.161. Iye àkọ́kọ́ yìí gan-an ni àwọn ará Bábílónì àtijọ́ lò nínú wàláà amọ̀ kan. Èkejì kò sì jìnnà sí 256/81, ìyẹn nǹkan bíi 3.1605, tó jáde látinú ìṣirò inú ìwé Rhind, ìwé ìṣirò àtijọ́ ti Íjíbítì. Àlàfo tó wà láàárín iye ti Bábílónì àti ti Íjíbítì kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lẹ́nu abọ́ gàrí.

Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Syracuse, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ni a mọ̀ mọ́ ọ̀nà tí kò nílò téèpù. Ó ronú onígun 96 tó wọ inú òbìrípo àti òmíràn tó yí i ká láti ìta. Níwọ̀n bí àyíká òbìrípo ti gbọ́dọ̀ ju ti inú lọ, tí kò sì lè tó ti ìta, ó fi hàn pé páì ju 3 10/71 lọ, kò sì tó 3 1/7. A lè sọ pé iṣẹ́ yìí wúwo ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́mbà gígùn tí a ti rí lẹ́yìn rẹ̀ lọ, nítorí ó sọ ibi tí àṣìṣe lè dé. Ní Ṣáínà, ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi, Zu Chongzhi dé 355/113, tó péye dé ipò kẹfà lẹ́yìn pọ́ìntì.

Àṣẹ kò lè yí iye náà padà. Ní 1897, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àbá òfin kan tí ìṣirò rẹ̀ ń mú páì jẹ́ 3.2, ilé ìgbìmọ̀ àgbà kò jẹ́ kó di òfin.

22/7 àti 3.14

Nínú ìdánwò WAEC, ó wọ́pọ̀ kí ìbéèrè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo 22/7 fún páì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, bí ti ibòmíràn, ti ń mú èrò pé 22/7 gan-an ni páì wálé. Kì í ṣe òun. 22/7 fi nǹkan bíi 0.00126 ju páì lọ, 3.14 sì fi nǹkan bíi 0.00159 dín sí i, èyí tó fi hàn pé 22/7 ló sún mọ́ ọn jù nínú àwọn méjèèjì.

Fún wẹ́dà tó fẹ́ tẹ rọ́ọ̀dù di róbótó fún ẹnu kànga tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, àṣìṣe èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì kò pé mìlímítà 2. Bó bá lo 3 lásán, rọ́ọ̀dù rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 14 kúrú, ẹnu rẹ̀ kò sì ní kan ara wọn. Iye 3 yìí náà ló bá agbada ńlá inú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 7:23 mu, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 10, tí okùn ìgbọ̀nwọ́ 30 sì yí i ká.

Orí ohun tí kò tẹ́jú

Orí ibi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ nìkan ni ìtumọ̀ òkè yìí ti ṣiṣẹ́. Bí a bá la igbá róbótó sí méjì ọgbọọgba, tí a da ọ̀kan dojú dé, a lè ka etí rẹ̀ sí òbìrípo tí àárín rẹ̀ wà lókè téńté ẹ̀yìn igbá. Ẹni tó bá fi okùn wọn ìbú láti etí kan, gba ẹ̀yìn igbá kọjá, dé etí kejì, yóò rí i pé àyíká jẹ́ ìlọ́po 2 ìbú náà péré. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: àyíká ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 40,075, ìrìn láti orí ìlà náà gba òpin àríwá kọjá dé òdìkejì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 20,004. Èyí kò sọ páì di 2. Iye tí òbìrípo orí igbá ń mú jáde ló yí padà. Nọ́mbà tí à ń pè ní páì wà níbi tó wà, nítorí a lè rí i láìfi òbìrípo kankan ṣe, bíi nínú 4 × (1 − 1/3 + 1/5 − 1/7 + …), tí àwọn onímọ̀ Kerala ní Íńdíà ti mọ̀ ṣáájú àwọn ará Yúróòpù.

Ohun tí àìlópin rẹ̀ túmọ̀ sí

Páì kì í dàgbà bí a ti ń rí nọ́mbà sí i lẹ́yìn pọ́ìntì rẹ̀. Ó ju 3.14 lọ, kò sì tó 3.15, kò ní kúrò láàárín wọn láé. Kíkọ rẹ̀ ni kò lópin. Ní àwọn ọdún 1760, Johann Lambert fi ẹ̀rí hàn pé nọ́mbà aláìníìpín ni, ìyẹn ni pé kò sí odidi nọ́mbà méjì tí a lè fi ọ̀kan pín èkejì kí páì gan-an jáde. Ní 1882, Ferdinand von Lindemann lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì fi hàn pé kò ṣeé ṣe láti fi rúlà aláìlámì àti kọ́ńpáàsì nìkan ya onígun mẹ́rin tó gba àyè kan náà pẹ̀lú òbìrípo.

Kọ̀ǹpútà Google ṣírò rẹ̀ dé tírílíọ̀nù 100 nọ́mbà ní 2022. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, kì í sábà lò ju 15 lọ lẹ́yìn pọ́ìntì fún ìrìn àwọn ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ àti àmì

William Jones, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló kọ́kọ́ lo π fún nọ́mbà yìí ní 1706. Leonhard Euler ló sọ ọ́ di àmì tí gbogbo ayé mọ̀. UNESCO ya ọjọ́ 14 oṣù kẹta sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ ìṣirò ní 2019, nítorí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́ náà: 3/14.