Bí Ajá Tí Ẹ Gbà Là Bá Kú

Nínú gbogbo àwọn tí ajá wọn ń kú mọ́ àwa dókítà ẹranko lọ́wọ́, àwọn tó gba ajá tí ẹlòmíràn lé jáde, tàbí tí wọ́n rí he ní títì, ni mo rí i pé ọkàn wọn kì í tètè balẹ̀. Kì í ṣe pé ìfẹ́ wọn ju ti ẹni tó tọ́ ajá láti kékeré lọ. Ìdajì ìtàn ajá yẹn ni wọ́n mọ̀. Wọn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọn kò mọ ẹni tó nà án tó fi ń sá tó bá ti rí ìgbálẹ̀. Ọjọ́ orí tí a kọ sí káàdì rẹ̀ pàápàá, àbá ni, eyín la wò tí a fi dá a. Ti ọmọ ajá rọrùn, torí láàárín oṣù mẹ́ta sí oṣù méje ló máa ń pààrọ̀ eyín. Ṣùgbọ́n tí ajá bá ti dàgbà, tí ebi sì ti mú un jẹ òkúta jẹ irin rí, ajá ọdún mẹ́ta lè lanu kí ẹ pè é ní ajá ọdún mẹ́jọ. Nítorí náà, bó bá kú, olówó rẹ̀ á máa ṣírò: ṣé ó gbó ni, àbí èmi ni mo jẹ́ kó kú ní rèwerèwe?

Ìbéèrè kejì ló le jù: ṣé mo tètè gbà kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ikú, èyí tí a fi ń gba ajá lọ́wọ́ ìrora, ni, àbí mo ti jẹ́ kó jìyà pẹ́ jù? Oògùn tí a sábà máa ń lò ni pentobarbital. Oògùn akunnilóorun ni, ohun tí a kàn ṣe ni pé a gún un ní ìwọ̀n tó pọ̀ gan-an. Ajá á kọ́kọ́ sùn lọ fọnfọn, lẹ́yìn náà ni mímí á dúró, tí ọkàn á sì dáwọ́ dúró. Ajá náà kò mọ nǹkan kan mọ́ nígbà tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni ohun tó lè tẹ̀ lé e: ojú kì í sábà pa dé, ajá lè mí hẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì lè tọ̀ sára. Iṣan ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìrora. Ó yẹ kí dókítà ti sọ èyí fún yín kó tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í. Mo mọ àwọn tó gbé mímí hẹ̀ẹ̀ yẹn sọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Báyìí ni ọjọ́ ìkẹyìn ṣe máa ń gbé gbogbo ọjọ́ yòókù mì. Ọ̀nà tí mo rí tó ń gba àwọn èèyàn sílẹ̀ ni kí wọ́n kọ ìtàn ajá náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé wọn, kì í ṣe láti ọjọ́ tó kú. Obìnrin kan mú ìwé kékeré tó ń kọ nǹkan sí wá hàn mí lẹ́yìn tí abo ajá abilà rẹ̀ kú. Ẹ̀rù èèyàn ń ba ajá yẹn débi pé kì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ni: "Ó jẹun, mo wà ní yàrá kejì." Nísàlẹ̀: "Ó jẹun, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kẹ̀yìn sí i." Ó ṣí ìwé lọ títí, ó wá fi ìka han mí: "Ó jẹun. Mo ń wò ó, òun náà ń wò mí." Kò sí fọ́tò tó lè sọ ohun tí ìlà mẹ́ta yẹn sọ.

Ẹ má ṣe sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Bó bá jẹ bàtà, ẹ kọ bàtà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé títí tó fi kú ni kò gba àlejò ọkùnrin láyè, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ajá tí kò ní àléébù nínú ìrántí yín, ajá ẹlòmíràn nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Ajá lásán ni." Ní ọdún 1914, wọ́n hú sàréè kan ní Oberkassel, nítòsí Bonn ní Jámánì, tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbàá méje ọdún (14,000). Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ajá tí kò tíì ju nǹkan bí oṣù méje lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún eyín ọmọ ajá náà yẹ̀ wò, wọ́n rí àpá tí wọ́n gbà pé àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní distemper ló fi síbẹ̀, àrùn tó dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò wúlò fún ọdẹ, kò lè ṣọ́lé, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ẹnì kan ti ní láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé "Ajá lásán ni" máa bá tirẹ̀ lọ. Kenneth Doka, onímọ̀ nípa ọ̀fọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé láti ọdún 1989 nípa ìbànújẹ́ tí àwùjọ kò fún èèyàn láyè láti fi hàn, ti ẹranko sì wà lára rẹ̀.

Ní ti òkú fúnra rẹ̀, ẹ tètè pinnu. Láàárín wákàtí díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sínú amọ̀ tàbí sórí bébà, ṣáájú ìgbà yẹn ni. Ẹ lè gé irun díẹ̀ nídìí etí, níbi tó ti rọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ la gún un, oògùn yẹn ṣì wà nínú òkú, kì í tètè bàjẹ́ nínú ilẹ̀. Ajá mìíràn tàbí ẹyẹ tó bá hú u jẹ lè kú. Nítorí náà, kí kòtò jìn tó nǹkan bíi mítà kan, kó jìnnà sí kànga àti odò, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin gbà kí ẹ sin ín sí ibi tí ẹ ní lọ́kàn. Bó bá jẹ́ sísun ni, ẹ bi wọ́n bóyá òun nìkan ni wọ́n máa sun, torí tí wọ́n bá sun ún pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, eérú tirẹ̀ kò ní padà wá. Ẹ má sì gbin òdòdó sínú ògidì eérú. Iyọ̀ inú rẹ̀ á pa á. Ẹ pò ó mọ́ ọ̀pọ̀ iyẹ̀pẹ̀.

Fún àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà ni "ó kú." Ẹ má sọ pé ẹ mú un lọ sùn, kí ọmọ má bàa máa bẹ̀rù oorun.

Tí ajá mìíràn bá wà nílé, ó lè máa wá a kiri, kí oúnjẹ má wù ú. Ẹ má yí àkókò oúnjẹ àti ìrìn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá fẹnu kan nǹkan kan fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gbé e wá. Ó lè jẹ́ àìsàn tó pa èkejì ló ti ràn án.

Ìgbà tí ẹ máa gba òmíràn kò ní gbèdéke, ẹni tó bá sì ní ó ti yá jù ń sọ tiẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ parvo, àrùn tó máa ń mú kí ajá bì kó sì yàgbẹ́ gbuuru, ló pa ajá yín nìkan ni mo máa ní kí ẹ dúró. Kòkòrò àrùn yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Omi bílíìṣì ni kí ẹ fi fọ abọ́ àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mú ajá tó ti dàgbà, tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Ẹ ra okùn ọrùn tuntun fún un, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tirẹ̀.