Omi Méjì Tí Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Orí Òkè Ń Bá Yí

Ní ìlú Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ni kì í fi ẹsẹ̀ ara wọn gùnkè. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wọn. Láàárọ̀ kùtù, bọ́ọ̀sì á kó èèyàn àti kẹ̀kẹ́, á pọ́n àwọn òkè La Sal, á já gbogbo wọn sílẹ̀ níbi tí òtútù ti ń mú, á sì yí orí padà. Ó wá ku kí wọ́n máa bọ̀ nílẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ọ̀nà náà ni The Whole Enchilada. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán lókè, ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, etí odò Colorado ni wọ́n sì ń parí sí, níbi tí gíga ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ òtútù láàárọ̀ lè máa wá ibòji kiri lọ́sàn-án.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ yìí kì í ṣe Máruwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, àmọ́ ẹni tó gun Raleigh lọ sóko láyé àtijọ́ lè wò ó kó má dá a mọ̀. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní eyín. Ṣọ́ọ̀kì wà níwájú, nígbà mìíràn lẹ́yìn pẹ̀lú, bíi ti ọ̀kadà. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ kí gàárì lè lọ sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí ẹni tí gàárì bá ń tì nídìí níbẹ̀, orí ló máa fi ṣáájú dé ìsàlẹ̀. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni afẹ́fẹ́ inú táyà. Kì í pọ̀ rárá: nǹkan bí 20 sí 30 lórí gèéjì fọkanáísà. Táyà tó bá le bí òkúta á máa ta lórí òkúta ni, èyí tó rọ̀ díẹ̀ ló ń dì í mú. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ní túùbù mọ́. Oje kan ni wọ́n ń dà sínú táyà. Bí ẹ̀gún bá gún un, oje náà á sáré dí ihò kí afẹ́fẹ́ tó jáde tán.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní àgbègbè Marin, ní California, láwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá àlòkù kẹ̀kẹ́ Schwinn tí wọ́n ti ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń gbé e gun òkè, wọ́n sì ń fi í já wálẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà kan nítòsí ìlú Fairfax tó fi ẹsẹ̀ bàtà 1,300 sọ̀kalẹ̀ láàárín nǹkan bí máìlì méjì. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni búréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, ó ti gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ ti jó di èéfín, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún fi gírísì tuntun kún un. Iṣẹ́ àtúnkún yìí ni wọ́n fi sọ ọ̀nà náà lórúkọ: Repack. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè. Nígbà tó fi máa di 1981, ilé iṣẹ́ Specialized ti ń ta kẹ̀kẹ́ òkè tó ń jẹ́ Stumpjumper lọ́jà fún ẹni tó bá lówó.

Ní Moab, ọ̀nà ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Láwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń wá uranium lójú méjèèjì, àjọ tó ń rí sí agbára átọ́míìkì la ọ̀nà White Rim gba etí gegele kí àwọn awakùsà lè ráyè kọjá. Ọ̀nà Slickrock ní tirẹ̀, àwọn alùpùpù ló sàmì sí i lórí àpáta ní 1969. Orúkọ náà ń sọ pé àpáta yọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin ló sì ti wá, torí bàtà irin ẹṣin wọn máa ń yọ̀ níbẹ̀. Rọ́bà kì í yọ̀ níbẹ̀. Táyà ń lẹ̀ mọ́ àpáta náà débi pé èèyàn lè gun ibi tí ojú kò gbà pé kẹ̀kẹ́ lè gùn. Nígbà tí ọjà uranium kú láwọn ọdún 1980, ìlú náà ní ọ̀nà púpọ̀ tí kò sí ẹni tó ń gbà á. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá ọ̀nà nílẹ̀.

White Rim fi bí ìrìnàjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ ṣe ń lọ hàn kedere. Ọ̀nà náà tó 100 máìlì, inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Canyonlands ló wà, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń yí i po. Ẹni tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì ti mọ ibi tí òun máa pàgọ́ sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí omi mímu kankan lójú ọ̀nà. Àwọn aláṣẹ ọgbà náà ní kí èèyàn kọ̀ọ̀kan má gbé ohun tó dín sí gálọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ mẹ́rin: lítà 160, ìwúwo rẹ̀ sì ju ti ọkùnrin méjì tó jẹun kánú lọ. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gbé e. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ jíìpù fi máa ń tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú omi, àgọ́, oúnjẹ àti táyà àfipamọ́. Bí wọn kò bá háyà awakọ̀, ṣe ni wọ́n ń gbà á fún ara wọn, kí ẹnì kan má lọ lo ìsinmi rẹ̀ tán nídìí ọwọ́ ọkọ̀.

Omi mímu ni àkọ́kọ́. Omi kejì ni ti òjò, òun ló sì nira jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, òjò ńlá kan rọ̀, àgbàrá sì gbé ọ̀nà Mineral Bottom lọ, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde ní White Rim. Ó di ọdún tó tẹ̀lé e kó tó ṣeé gbà. Yorùbá ti sọ ọ́: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Gbogbo ọgbọ́n ọ̀nà lílà lórí òkè ò ju kíkọ̀ fún àgbàrá yìí lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ rí òkè máa rò pé kí ọ̀nà já tààrà láti orí dé ìsàlẹ̀. Tó bá là á bẹ́ẹ̀, odò ló là. Omi àti táyà jọ ń wá ibi tó yá jù ni, omi sì máa ń borí.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á gbẹ́ ẹ bí ìtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ, wọ́n á jẹ́ kí etí rẹ̀ tó kọjú sí ìsàlẹ̀ dagun díẹ̀ síta, kí omi tó bá bọ́ sójú ọ̀nà lè rékọjá láìbá a rìn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju ìdajì ti òkè fúnra rẹ̀ lọ. Bí òkè bá ń fi ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ sílẹ̀ nínú gbogbo 100, ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, omi á fi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀, á máa tọ ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀nà tó ń sọ̀kalẹ̀ gbé orí sókè fún ìṣísẹ̀ mélòó kan kó tó tún máa lọ. Omi ò lè gun ibẹ̀, ó di dandan kó yà síta. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ń gbádùn rẹ̀, ó rò pé torí kí kẹ̀kẹ́ lè máa fò ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ilẹ̀ aṣálẹ̀ Moab tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Èépá dúdú kan wà lójú iyanrìn níbẹ̀ tó jẹ́ ohun abẹ̀mí; òun ló ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ àti òjò má kó o lọ. Táyà kan tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà á fọ́ ọ, ó sì lè tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó tó jinná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dáa kí èèyàn máa yẹ ẹrẹ̀ sílẹ̀ nítorí bàtà: ẹni mẹ́wàá yẹ̀ ẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti di ìta gbangba.

Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́ yìí? Lápá tó pọ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fúnra wọn ni, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ á dájọ́ kan, àwọn èèyàn á gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wá, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ títí di ọ̀sán, oúnjẹ á sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni, kò sí orúkọ míì tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ kó wọn jọ. Láwọn ọdún 1980, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè àti àwọn ẹlẹ́ṣin ń ké sí ìjọba pé kó lé kẹ̀kẹ́ kúrò, wọ́n sì ń ti ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ níbi púpọ̀. Ní 1988, àwọn ẹgbẹ́ kan ní California para pọ̀ dá IMBA sílẹ̀, àjọ tó wá ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà àti bí wọ́n ṣe ń jùmọ̀ lò ó. Òfin rẹ̀ rọrùn: ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ń yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti fún ẹṣin, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń yà fún ẹni tó ń gùnkè. Síbẹ̀, nínú àwọn igbó tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ bí ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn kò tíì bà jẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 1964, kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí dòní.

Àwọn tó ń darapọ̀ kò kéré. NICA, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọn kì í ti í fi ọmọ kankan jókòó sórí bẹ́ǹṣì: gbogbo ẹni tó bá wá ló ń sáré. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, kẹ̀kẹ́ tán lórí igbá. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tún ti dé, ó sì ti dá àríyànjiyàn tuntun sílẹ̀ lórí ẹni tí ọ̀nà tọ́ sí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́ àwọ̀ ojú àmì ọ̀nà: ewéko fún ìbẹ̀rẹ̀, búlúù fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, dúdú fún ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Bí ẹgbẹ́ bá jáde, ẹnì kan tó mọ ọ̀nà á máa bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, àwọn tó ṣáájú á sì dúró ní gbogbo oríta títí ẹni náà á fi yọ.

Bí òjò bá ń rọ̀, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á wà nílé, kí táyà wọn má bàa fa ọ̀nà tó ti rọ̀ ya. Àwọn tó là á ló ń jáde nígbà náà, láìgbé kẹ̀kẹ́ dání, kí wọ́n lè rí ibi tí omi ń gbà.