Ọdún bíà ilé ọtí ní Ìlú Ọba

Ọdún bíà ilé ọtí ni ayẹyẹ ọjọ́ méjì sí mẹ́rin tí àwọn ilé ọtí àdúgbò ní Ìlú Ọba máa ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń ta oríṣiríṣi bíà inú àgbá, tí àwọn olórin sì ń ṣeré lójú agbo fún àwọn tó wá mu ún. Òpin ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ Ajé rẹ̀ bá jẹ́ ìsinmi ìjọba ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, pàápàá nígbà ọdún Àjíǹde, nínú oṣù Karùn-ún, àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni orin jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíà náà kò lè pẹ́ nílẹ̀, orin ló sì ń pe èrò tí yóò mu ún tán.

Bíà tó ṣì ń hó

Bíà tí wọ́n ń tà níbi ọdún yìí, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cask ale, sún mọ́ ẹmu ju bíà inú ìgò lọ. Wọn kì í fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀, wọn kì í sì í sẹ́ ẹ kúrò kí ọtí náà tó jáde nílé ìpọntí. Inú àgbá, nílé ọtí gan-an, ni yóò ti máa hó títí yóò fi gbó. Gáàsì tó ń mú un hó ti inú ara rẹ̀ jáde, wọn kì í fẹ́ gáàsì mìíràn sí i.

Títọ́jú rẹ̀ gba sùúrù. Bí àgbá bá dé, wọ́n á gbé e dùbúlẹ̀ síbi tí kò ní mì mọ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ojú ọtí sì tòrò. Ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí máa ń fi èròjà tí wọ́n rí láti inú àpò afẹ́fẹ́ ẹja sí i kó lè tètè tòrò, ìdí nìyẹn tí àwọn tí kì í jẹ ẹran àti ẹja fi máa ń béèrè kí wọ́n tó mu. Wọ́n á gbá èèkàn igi kékeré kan wọ ẹ̀gbẹ́ àgbá kí gáàsì lè máa rọra jáde, wọ́n á sì fi òòlù gbá ẹnu ẹ̀rọ wọ ojú rẹ̀. Òtútù tó yẹ ẹ́ jẹ́ 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò tutù tó ti fìríìjì. Nínú kánópì ẹ̀yìnkùlé, aṣọ tútù tàbí páìpù omi tútù ni wọ́n fi ń wé àgbá.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọtí jáde ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dípò rẹ̀. Bí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, adùn rẹ̀ á máa lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Àgbá tó wọ́pọ̀ jù, firkin, gba gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72, tàbí nǹkan bíi lítà 41. Ilé ọtí tó bá to 20 àgbá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní páìntì 1,440 láti tà kó tó kan. Àwọn oníbàárà ojoojúmọ́ nìkan kò lè mu ún tán.

Ìdá kan nínú mẹ́ta páìntì wà lára ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí, òun ni ọ̀pọ̀ ń rà, kí wọ́n lè tọ́ oríṣi púpọ̀ wò láì tètè yó.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé ìpọntí ńlá ń fi bíà sísẹ́ tí wọ́n ń fi gáàsì tì jáde rọ́pò bíà inú àgbá. Ní 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin, Michael Hardman, Graham Lees, Jim Makin àti Bill Mellor, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbèjà rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí CAMRA lónìí. Ọdún bíà Cambridge bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ti Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù wáyé ní 1975, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe Great British Beer Festival ní Alexandra Palace ní 1977. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí kò gba owó iṣẹ́, ló ń ta ọtí níbi àwọn ọdún ẹgbẹ́ náà. Àwọn ilé ọtí àdúgbò mú àṣà yìí lò ní ìwọ̀n tiwọn.

Orin àti òfin

Orin ti wà nílé ọtí tipẹ́. Ní àwọn ilé ọtí kan, àwọn olórin ìbílẹ̀ máa ń jókòó yí tábìlì kan ká pẹ̀lú fèrè àti fáyólìn, láìsí pèpéle. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Tally Ho ní Kentish Town àti Hope and Anchor ní Islington di ojúkò orin tí wọ́n ń pè ní pub rock, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Dr. Feelgood ti ń ṣeré fún èrò tó dúró fẹ́ẹ́rẹ́ kan ìka ẹsẹ̀ wọn.

Òfin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dí àwọn ilé ọtí kékeré lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ní England àti Wales, ilé ọtí lè gba olórin méjì láìgba ìwé àṣẹ orin. Òfin Licensing Act 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá 2005, fòpin sí ìyẹn: ẹnì kan ṣoṣo tó ń ta gìtá fún èrò pàápàá nílò àṣẹ. Fún ilé ọtí tí kì í ṣe orin ju ìgbà bíi mélòó kan lọ lọ́dún, wàhálà yẹn pọ̀ ju èrè lọ. Lord Clement-Jones, ọmọ ilé aṣòfin àgbà, ló gbé àbá àtúnṣe lọ sílé aṣòfin, ó sì di Live Music Act 2012. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2012, ilé ọtí tó ní ìwé àṣẹ ọtí lè gbé olórin kalẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́ fún èrò tí kò ju 200 lọ, tó sì di 500 ní 2015. Orin tí kò lo ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò ní gbèdéke èrò. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣì lè gba àǹfààní yìí lọ́wọ́ ilé ọtí tí ariwo rẹ̀ bá ń da àwọn aládùúgbò láàmú.

Ìdí rèé tí ariwo fi máa ń lọ sílẹ̀ bí ọdún bíà bá ń parí. Àwọn tó ń lo ìlù àti gìtá iná a máa ṣeré ní alẹ́ Sátidé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ẹnì kan tàbí méjì ló kù sórí àga pẹ̀lú gìtá, àwọn tó ń ta ọtí á sì máa fi ìlà pa orúkọ àwọn bíà tó ti tán rẹ́ lára pátákó. Àgbá òfìfo ni wọ́n ń tò síta de ọkọ̀ ilé ìpọntí.