Sítáǹpù Columbus àti bí lẹ́tà ṣe ń dé Àgbádárìgì

Sítáǹpù kì í ṣe àwòrán lásán o, rìsíìtì ni. Ẹni tó rà á ti san owó iṣẹ́ pósọ́fíìsì sílẹ̀. Kó tó di 1840 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé Penny Black, sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé, jáde, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà ń sanwó, ẹlòmíì á kàn wo ẹ̀yìn ẹ̀ á ní òun ò gbà, wàhálà ẹni tó gbé e wá á já sófo.

Torí pé lẹ́tà ń wọlé tolówó tálákà, orí sítáǹpù ni ìjọba ti ń yẹ́ àwọn tó la òkun já sí. Àgbádárìgì náà mọ irú wọn, ibẹ̀ ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Lander, àti John àbúrò ẹ̀ gbà wọlé ní 1830 kí wọ́n tó wá ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun lọ. Columbus, ẹni tó la òkun láti Yúróòpù dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492, ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe sítáǹpù tiẹ̀ fún ní 1893, oríṣi 16, láti sẹ́ǹtì 1 dé dọ́là 5.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: wọ́n á fi irin ẹnu ṣóńṣó gbẹ́ àwòrán sára páànù irin ní òdìkejì, wọ́n á da íǹkì sí i, wọ́n á nu ojú ẹ̀ kó ku ti inú ilà nìkan, wọ́n á wá tẹ bébà mọ́ ọn gidi, ìyẹn ló jẹ́ pé téèyàn bá fi àtàǹpàkò ra sítáǹpù bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ á mọ̀ pé íǹkì yẹn ga díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù, àti ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lù yí i ká kó lè rọrùn láti ya.

Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kò rí Columbus rí, àwòrán ẹlòmíì ló ń wò. Lórí ti sẹ́ǹtì 1, Columbus ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò ní irùngbọ̀n, lórí ti sẹ́ǹtì 2 ó ti gúnlẹ̀, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀! Ayàwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wò ṣe é. Ti St. Kitts-Nevis, àwọn erékùṣù kan ní Caribbean, ní 1903 tún le ju ìyẹn lọ, wọ́n fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí Columbus lójú, nǹkan tó jẹ́ pé Columbus ti kú ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó jáde.

Tí lẹ́tà bá gbéra ní Amẹ́ríkà, wọ́n á lu òǹtẹ̀ déètì àti orúkọ ìlú lé sítáǹpù kó má bàa ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Bern ní 1874 ló jẹ́ kó lè dé Àgbádárìgì láìra sítáǹpù Nàìjíríà kún un. Amẹ́ríkà ló gba owó sítáǹpù, òun náà ló sì máa san owó pínpín fún Nàìjíríà tó bá yá.

Ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kó má fipá ṣí sítáǹpù ẹ̀ o. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí omi ń tú, kó gé etí áńfílóòpù yẹn, kó rẹ ẹ́ sínú omi, gọ́ọ̀mù á tú fúnra ẹ̀. Tí òǹtẹ̀ ẹ̀ bá hàn kedere, kó kúkú fi sílẹ̀ lára áńfílóòpù.