Abẹ́rẹ́ tó pa yíyún kò tíì wo àlẹ́jì ológbò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ológbò ló gbà pé abẹ́rẹ́ ló ń wo ara yíyún. Ẹran náà ti họra títí ọrùn rẹ̀ fi bó, ó ti lá ikùn títí irun ibẹ̀ fi tán. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lónìí, kó tó di ọ̀tunla, ó ti ń sùn fọnfọn. Ta ni kò ní yọ̀? Nígbà tí yíyún bá padà, wọ́n á tún gbé e lọ gba òmíràn.

Steroid ló sábà máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ń mú kí ara rọlẹ̀, àmọ́ ohun tí ara ológbò náà kò gbà ṣì wà níbẹ̀ digbí. Oògùn tó wúlò ni tí dókítà ẹranko bá ń ṣọ́ ọ. Ti ológbò tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Steroid kì í jẹ́ kí insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ara, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa ròkè. Èyí tí wọ́n ṣe kó pẹ́ lára lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fà á yọ mọ́. Bí ológbò yín bá ń mu omi lámujù, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń jẹun tó sì ń rù, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń fa yíyún náà, kòkòrò dúdú tín-ín-tìn-ín tó ń fò nínú irun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ológbò máa ń lá a mì, ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan. Ẹ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ìrù rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọn ohun tó bá bọ́ sórí bébà funfun tó rin fún omi. Bí ẹ̀gbin dúdú náà bá yọ àwọ̀ pupa bí ìpẹtà, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò náà mu, tó sì yà nígbẹ̀ẹ́, nìyẹn. Itọ́ kòkòrò náà ni ara àwọn ológbò kan kì í gbà. Kó bù ú jẹ díẹ̀ ti tó. Gbogbo ajá àti ológbò ilé lẹ máa tọ́jú pọ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ibi tí wọ́n ń sùn, torí ẹyin rẹ̀ ń já sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn kòkòrò ajá tó ní permethrin, èròjà apakòkòrò kan, kan ológbò: á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹńjìnì pa á lára, torí gbogbo rẹ̀ ni yóò lá.

Bí kì í bá ṣe kòkòrò, ó lè jẹ́ oúnjẹ. Kẹ́ ẹ lè dán an wò, oúnjẹ kan ṣoṣo tí dókítà yàn ni yóò máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán. Ẹja bíńtín tí ọmọ ilé jù sí i lábẹ́ tábìlì ti ba ìdánwò náà jẹ́. Àmọ́ bí oúnjẹ ológbò alátọ̀gbẹ bá yí, ìwọ̀n insulin rẹ̀ lè yí pẹ̀lú. Èyí tí kíndìnrín ń dà láàmú náà ní oúnjẹ tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun nínú abọ́ rẹ̀, ẹ bá dókítà sọ ọ́; bó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ, kẹ́ ẹ jọ ṣètò bí ẹ ó ṣe máa wọn ṣúgà rẹ̀.