Alúta: Ìjà Tó Bẹ̀rẹ̀ Nídìí Àwo Oúnjẹ

Èdè Potogí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "A luta continua", ìjà ṣì ń lọ, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ FRELIMO máa ń ké nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba Potogí jà ní Mòsáńbíìkì. Eduardo Mondlane tó jẹ́ olórí wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohùn ìjà. Nígbà tí bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú ìwé ránṣẹ́ sí i pa á ní Dar es Salaam lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1969, Samora Machel gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi títí Mòsáńbíìkì fi gba òmìnira ní 1975. Lẹ́nu wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti gbà á. Wọ́n gé e kúrú, ó di alúta, orúkọ tí wọ́n ń pe ìwọ́de akẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, bí ìyá tó ń tajà nítòsí yunifásítì bá gbọ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ ṣe alúta, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un kó tó palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.

Ìjà fúnra rẹ̀ ti wà kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1925. Ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé dá NUNS sílẹ̀, ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Òmìnira kò tíì pé oṣù méjì ní 1960 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn fi wọ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó nítorí àdéhùn ológun tí ìjọba fẹ́ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìjọba fagi lé àdéhùn náà ní 1962. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òmìnira ni gbogbo ìyẹn. Ìjà lórí owó ìlú, lórí ta ni yóò san kí ọmọ tálákà tó lè kàwé, inú gbọ̀ngàn oúnjẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá wàhálà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n pe ọlọ́pàá wọ ọgbà. Ọlọ́pàá yìnbọn, ìbọn sì pa Kúnlé Adépéjù. Ọmọ tó wá kàwé ni, ibẹ̀ ló kú sí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀.

Àwọn kan wà títí dòní tó ń sọ pé ọ̀fun ni akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ń jà fún, torí pé wọ́n ti fi ẹran adìyẹ ọjọ́ Àìkú bà wọ́n jẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tó ta kòkó kí ọmọ rẹ̀ lè wọ yunifásítì kò rí ìwé ìṣúná ìjọba rí, kò sì lè rí i. Orí àwo oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ìwé ìṣúná náà ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí hàn kedere ní 1978. Owó epo rọ̀bì ti ń rọ́ wọlé láti ìgbà tó ti wọ́n lọ́jà àgbáyé ní 1973. Ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1976, ó sọ yunifásítì mẹ́fà di mẹ́tàlá, ní 1977 ó sì fagi lé owó ìkẹ́kọ̀ọ́. Inú àwọn òbí dùn. Kò pẹ́ tí títa epo fi lọ sílẹ̀. Ní 1978, ìjọba yá bílíọ̀nù dọ́là kan lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè, ó tún ní kí gbogbo ènìyàn fún ìgbànú mọ́ra. Ìgbànú tó kọ́kọ́ fà ni ti akẹ́kọ̀ọ́: owó oúnjẹ gòkè, owó yàrá gòkè. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún òbí ní 1977, ọwọ́ òsì ti gbà á padà kí ọdún tó yí po.

Ṣẹ́gun Òkéowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ààrẹ NUNS. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ sì ni olórí ìjọba. Nínú oṣù Kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè kọ̀ láti wọ kíláàsì. "Ali Must Go", Ali gbọ́dọ̀ lọ, ni wọ́n kọ sára páálí, orúkọ náà ló sì mọ́ ìjà yẹn lára. Ọlọ́pàá yìnbọn pa Akíntúndé Òjò, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Ní Ahmadu Bello, Zaria, ìbọn tún pa àwọn mìíràn.

Bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn jọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Wọn a lu agogo tàbí kí wọ́n máa fi ṣíbí lu àwo láti gbọ̀ngàn kan sí òmíràn lóru, títí gbogbo ènìyàn yóò fi jáde sí kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò ké "Greatest Nigerian students!", àwọn tó kù yóò dá a lóhùn pé "Great!", kó tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ń pinnu, kì í ṣe ààrẹ nìkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a já ewé tútù dání bọ́ sí títì, awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá náà yóò já ewé há iwájú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìjọba yan Adájọ́ Uthman Mohammed láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fòfin de NUNS, wọ́n yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi nípò gíwá Yunifásítì Èkó, wọ́n sì lé àwọn olùkọ́ bíi Ọlá Òní ti Ìbàdàn àti Edwin Madunagu ti Calabar kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ali ò lọ, owó náà ò sì sọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀ 1978 yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì dá ẹgbẹ́ wọn, ASUU, sílẹ̀, nígbà tó sì di 1980, akẹ́kọ̀ọ́ ti ní NANS rọ́pò NUNS.

Ní 1984, ìjọba Buhari yọ ọwọ́ kúrò nínú owó oúnjẹ pátápátá, gbọ̀ngàn oúnjẹ sì di títì. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sínú yàrá. Ìgbà náà ni "zero-one-zero" di ohun tí gbogbo wọn mọ̀: kò sí ti àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sán, kò sí ti alẹ́. Nígbà tí SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, wá dé ní 1986, ebi yìí ti kúrò nínú ọgbà, ó ti wọ ilé gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ fi bá akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ọdún 1989. Ìjọba Babangida ti yunifásítì pa, ó fi agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi tó ń ṣètò ìpàdé láti wá ohun tó lè rọ́pò SAP sí àhámọ́, ó sì gbé Òfin 47 jáde láti so ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Òkéowó ńkọ́? Wọ́n lé e kúrò ní Yunifásítì Èkó. Ifẹ̀ ló ti parí ìwé rẹ̀, ó sì di olùkọ́. Nígbà tó yá, ó di alága NUT ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn olùkọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2014 ló kú.