Pèpéle Tí Ọba Kò Rí Gùn

Pèpéle òkúta mẹ́rin ló wà ní igun Gbàgede Trafalgar nílùú London. Ọba George Kẹrin gun ẹṣin lórí ọ̀kan. Napier àti Havelock, ọ̀gágun méjì tó jà ní Íńdíà, dúró lórí méjì. Ọdún 1841 ni wọ́n mọ ìkẹrin kí ère Ọba William Kẹrin náà lè gun ẹṣin níbẹ̀, àmọ́ owó ò ká a. Ọba ò dé, ẹṣin ò dé, pèpéle wà lófìfo fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún.

Lọ́dún 1998 ni ẹgbẹ́ Royal Society of Arts ní kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ọnà tuntun síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ère Jésù tí Mark Wallinger ṣe ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀ ní 1999: ó ga tó èèyàn lásán, wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró sí etí pèpéle bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni ì bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Láàárín àwọn ọ̀gágun onídẹ wọ̀nyẹn, àánú rẹ̀ ló ń ṣeni.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti 2010. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó dàgbà l'Ékòó, ṣe ọkọ̀ ogun Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun ní Trafalgar tí ère rẹ̀ sì wà lórí òpó gíga ní gbàgede náà, sínú ìgò ńlá kan, ó sì fi bátànì àǹkárá ṣe ìgbòkun rẹ̀, gbogbo mẹ́tàdínlógójì. Àǹkárá tí à ń pè ní tiwa yìí, àwọn ará Holland ló wo bátíìkì erékùṣù Java ṣe é. Nígbà tí ọjà ò yá tó lọ́hùn-ún, wọ́n kó o wá bá wa. (Ẹ má sọ fún alága aṣọ ẹbí wa o.)

Ká ní ọjà Balógun ni ìgò náà wà, iye ọ̀pá kan làwọn èèyàn á máa béèrè. Lábẹ́ òpó Nelson, ìbéèrè mìíràn ló ń wá síni lọ́kàn: ta ni ìṣẹ́gun rẹ̀ la òkun fún, kí ni ọkọ̀ wọn sì kó lọ, kó bọ̀?

Ní 2012, àwọn aráàlú dáwó, wọ́n sì gbé e lọ sí Greenwich, síta National Maritime Museum. Nelson ò sí lókè orí rẹ̀ mọ́. Àmọ́ nínú ilé, ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ ikú rẹ̀ wà nínú gíláàsì, ihò ọta ṣì wà léjìká òsì.